Jẹnẹrétọ̀ Tí Kì Í Lo Epo: Níbo Ni Agbára Rẹ̀ Ti Ń Wọlé?

Bí epo bẹntiróòlù ṣe ń wọ́n sí i ní Nàìjíríà ni ìpolówó kan ń gbilẹ̀ sí i lórí fóònù wa: jẹnẹrétọ̀ tí kì í lo epo. Wọn ò bu bẹntiróòlù sí i, wọn ò bu dísù sí i, kò sí páńẹ́lì sólà lórí òrùlé, síbẹ̀ nínú fídíò náà gílóòbù ń tàn, fáànù ń fẹ́, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń tà á á ṣàlàyé pé bátìrì ló ń yí mọ́tò, mọ́tò ló ń yí ẹ̀rọ tó ń mú iná jáde, lára iná yẹn náà ló sì ti tún ń ṣáàjì bátìrì padà. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò lópin. Ẹni tí iná ò tàn ládùúgbò rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta, tí owó epo sì ti ń jẹ èrè ọjà rẹ̀ tán, kò sí bí kò ṣe ní í fẹ́ gbà á gbọ́.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ láéláé, ì báà jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ló ṣe é, ì báà jẹ́ òyìnbó. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, torí àwọn ọ̀dọ́ tí ọpọlọ wọn pé ń fi ọdún àti owó ṣòfò lórí rẹ̀, àwọn ìyá oníṣòwò náà sì ń fi owó àjọ rà á. Ìdí tí kò fi lè ṣiṣẹ́ kò sì le débi tí ẹni tí kò ka ìwé sáyẹ́ǹsì ò fi lè mọ̀ ọ́n.

Agbára ni ohun tó wà nínú nǹkan tí nǹkan yẹn fi lè ṣiṣẹ́: tó fi lè gbé ẹrù, tó fi lè gbóná, tó fi lè tàn, tó fi lè dún. Oríṣiríṣi ọ̀nà ló gbà wà. Ohun tó wà lókè, tó lè já bọ́, ní agbára nítorí gíga rẹ̀. Ohun tó ń sáré ní agbára nítorí eré rẹ̀. Epo, igi ìdáná, gáàsì, ẹ̀bà tí a jẹ àti bátìrì, agbára wà nínú wọn nítorí bí àwọn èròjà tíntìntín inú wọn ṣe so mọ́ra. Ooru jẹ́ agbára, ìmọ́lẹ̀ jẹ́ agbára, ìró jẹ́ agbára, iná mànàmáná náà jẹ́ agbára. Ibi tó ti máa ń dàrú mọ́ni lójú ni pé àwọn nǹkan wọ̀nyí ò jọra rárá. Kí ló pa ẹ̀bà pọ̀ mọ́ iná orí wáyà? Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé ọ̀kan lè di èkejì, bó bá sì di èkejì, iye rẹ̀ kì í dín, kì í lé.

Ẹ wo dáàmù Kainji lórí Odò Ọya, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1969. Oòrùn ló ràn sórí òkun àti ilẹ̀, ooru rẹ̀ ló fa omi sókè tó di ìkùukùu. Òjò rọ̀ sórí àwọn òkè ilẹ̀ Gínì níbi tí odò náà ti ṣẹ̀, ó tún rọ̀ sáwọn ilẹ̀ tí odò náà là kọjá, omi sì ń ṣàn títí tó fi dé ẹ̀yìn ògiri dáàmù. Níbẹ̀, omi ẹ̀yìn ògiri ga ju omi apá kejì lọ. Bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn fún un, á já wálẹ̀, gíga á di eré, eré omi á yí kẹ̀kẹ́ ńlá tí wọ́n ń pè ní tọ́báìnì, tọ́báìnì á yí ẹ̀rọ amúnáwá, iná á gba orí wáyà lọ. Nígbà tó bá délé, áyọ́ọ̀nù á sọ ọ́ di ooru, fáànù á sọ ọ́ di atẹ́gùn, rédíò á sọ ọ́ di ìró. Lẹ́yìn tí a bá ti lọ aṣọ tán, ooru áyọ́ọ̀nù á tú sínú yàrá, ti yàrá á tú síta, ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ìta á sì máa tú u lọ sójú ọ̀run. Láti ojú ọ̀run ló ti wá, ojú ọ̀run náà ló padà sí. Ní gbogbo ọ̀nà jíjìn yẹn, kò sí ibì kan tí ẹnikẹ́ni ti dá agbára sílẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Kainji ni pé wọ́n dúró sí ojú ọ̀nà agbára oòrùn, wọ́n sì ń pa á dà kó tó kọjá lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé iye rẹ̀ kì í yí padà? Ó ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Lọ́dún 1840, dókítà ọ̀dọ́ kan ará Jámánì, Julius Robert Mayer, bá ọkọ̀ òkun lọ sí erékùṣù Java. Nígbà tó ń gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn atukọ̀, bí wọ́n ṣe máa ń tọ́jú aláìsàn láyé ìgbà náà, ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó dúdú díẹ̀ pupa ju bó ṣe yẹ lọ. Ó rò ó títí, ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná, ara ò sì nílò láti dáná oúnjẹ púpọ̀ nínú kó tó móoru, ìdí nìyẹn tí afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù sínú ẹ̀jẹ̀ fi pọ̀. Láti ibẹ̀ ló ti dé orí èrò pé oúnjẹ tí a jẹ, ooru ara wa àti iṣẹ́ tí apá wa ń ṣe, agbára kan náà ni wọ́n. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1842, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ò kà á sí nígbà yẹn.

Ẹni tó wá fi ìwọ̀n yanjú ẹ̀ ni James Joule, ọmọ oníléeṣẹ́ ọtí bíà kan ní Salford, lẹ́bàá Manchester. Iṣẹ́ rẹ̀ wù mí púpọ̀ torí pé ó rọrùn lójú. Ó pọn omi sínú agolo, ó ki ọ̀pá tó ní abẹ́bẹ̀ bọ inú rẹ̀, ó wé okùn mọ́ ọ̀pá náà, ó sì so irin wúwo mọ́ ìdí okùn. Bí irin bá ń sọ̀ kalẹ̀, okùn á máa yí abẹ́bẹ̀ nínú omi. Irin ò já lulẹ̀ gbì, ó ń rọra sọ̀ ni, torí omi ń dá a dúró. Agbára gíga tó ní nígbà tó wà lókè dà? Kò di eré, kò sì sí lókè mọ́. Joule ki tẹmómítà bọ omi: omi ti gbóná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kéré débi pé ọwọ́ lásán ò lè mọ̀ ọ́n. Ó ká irin padà sókè, ó jẹ́ kó sọ̀, ó tún ká a sókè, léraléra. Nígbà tó yá ó fi òróró ẹja àbùùbùtán rọ́pò omi, ó tún lo mákúrì, irin tó ń ṣàn bí omi. Ìdáhùn kan náà ló ń bọ́ sí: ìsọ̀kalẹ̀ báyìí báyìí, ooru báyìí báyìí. Ní ìwọ̀n ti òní, agbára tó lè mú kílò omi kan gbóná sí i ní ìwọ̀n kan ṣoṣo lórí tẹmómítà jẹ́ nǹkan bí júùlù 4,200. Orúkọ Joule náà ni a fi ń pe júùlù, ìwọ̀n tí a fi ń wọn agbára. Lọ́dún 1847, Hermann von Helmholtz, dókítà míì ní Jámánì, kọ ọ́ sílẹ̀ ní òfin tó kan gbogbo ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì.

Àwa náà ń ra agbára ní ìwọ̀n lójoojúmọ́. Yúníìtì iná kan tí ẹ ń kì bọ mítà, júùlù mílíọ̀nù 3.6 ló wà nínú rẹ̀. Kí ẹ lè mọ bí ó ṣe pọ̀ tó, ẹ jẹ́ ká fi ṣe iṣẹ́ alágbàṣe. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50. Ilé Kòkó n'Íbàdàn ga tó mítà 105. Láti gbé àpò kan láti ilẹ̀ dé orí Ilé Kòkó, nǹkan bí júùlù 51,500 ni. Ìyẹn ni pé yúníìtì kan péré, bí nǹkan kan ò bá ṣòfò lójú ọ̀nà, tó láti gbé nǹkan bí àpò sìmẹ́ńtì 70 gun orí Ilé Kòkó. Áyọ́ọ̀nù wáàtì 1,000 á jẹ ẹ́ tán láàárín wákàtí kan, kìkì kí ó lè máa gbóná. Ẹni tó bá ti ru sìmẹ́ńtì gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rí á mọ̀ pé agbára tó tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàdédé yọ láti inú afẹ́fẹ́.

"Bí nǹkan kan ò bá ṣòfò lójú ọ̀nà," mo sọ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní: bí agbára kì í bá ṣègbé, kí ló dé tí a kò lè lo ọ̀kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ká tún lò ó lẹ́ẹ̀kan sí i? Ẹ rántí bí a ṣe ń gba owó lọ́wọ́ oní-POS. Bí owó bá ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, á yọ tiẹ̀. Owó tó yọ ò sọnù láyé, ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí lọ́wọ́ ẹ̀yin mọ́. Gbogbo ìgbà tí agbára bá ń pa dà ní inú ẹ̀rọ ni ooru máa ń yọ tiẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ooru yẹn á fọ́n káàkiri inú afẹ́fẹ́, kò sì sí ọgbọ́n tí a lè dá tí a fi lè ṣa gbogbo rẹ̀ jọ padà. Òfin méjì ló wà níbẹ̀, òótọ́ sì ni méjèèjì: iye agbára kì í yẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wúlò fún wa nínú rẹ̀ ń dín kù bó ṣe ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀ sí "I better pass my neighbour" fi èyí hàn kedere. Lítà bẹntiróòlù kan ní agbára tó nǹkan bíi yúníìtì 9 nínú. Èyí tó máa jáde sórí wáyà nínú rẹ̀ kì í sábà tó méjì. Ìyókù wà nínú sàlẹ́ńsà tó ń jóni, nínú ara ẹ́ńjìnnì, nínú èéfín gbígbóná, àti nínú ariwo tí kò jẹ́ kí ará ilé kejì sùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpín ariwo kéré gan-an sí ti ooru.

Ẹ tan irú jẹnẹrétọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó máa lọ láìgbé nǹkan kan. Ohùn rẹ̀ á máa lọ geere. Ẹ wá ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́. Lójú ẹsẹ̀ ni ohùn á wálẹ̀, á kùn bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé lórí láìròtẹ́lẹ̀, gílóòbù á ṣẹ́jú, kábúrétọ̀ á ṣí sí i, epo á wọlé sí i, kó tó di pé ó tún gbéra. Mo bẹ̀ yín, ẹ tẹ́tí sí ohùn yẹn dáadáa nígbà míì, torí òfin tí à ń sọ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Nínú jẹnẹrétọ̀, òòfà àti wáyà kọ́pà ló ń yí lára ara wọn. Michael Faraday ló fi hàn lọ́dún 1831 pé ìyẹn ń mú iná jáde. Bí a ò bá fa iná kankan, yíyí rẹ̀ fúyẹ́. Ṣùgbọ́n bí iná bá ti ń ṣàn nínú wáyà, wáyà náà á di òòfà fúnra rẹ̀, á sì máa fa ẹ̀rọ padà sẹ́yìn, kó má baà yí. Heinrich Lenz kọ èyí sílẹ̀ lọ́dún 1834. Bí iná tí a fà bá ṣe pọ̀ tó ni ìfàsẹ́yìn ṣe máa le tó. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tì í kọjá, epo ló sì fi ń tì í. Kò sí bí wọ́n ṣe lè to wáyà náà tí ìfàsẹ́yìn yìí ò fi ní sí, torí òun gan-an ni owó tí a ń san fún iná.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé jẹnẹrétọ̀ tí kì í lo epo sórí ìwọ̀n. Ká ní bátìrì rẹ̀ gbé wáàtì-wákàtí 1,000 fún mọ́tò, ìyẹn yúníìtì kan. Ká ní mọ́tò náà dára, tó jẹ́ pé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń sọ di yíyí: ó ku 800. Ká ní ẹ̀rọ tó ń mú iná jáde náà dára bákan náà: ó ku 640. Ká ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló délé láàárín ṣájà àti bátìrì: ó ku 512. Yíyí ẹ̀ẹ̀kan péré, ìdajì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó ku 262. Ẹ̀ẹ̀kẹta, 134. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, kò tó 70 mọ́. A ò sì tíì tan gílóòbù kan ṣoṣo.

Ẹni tó ń tà á lè ní ẹ̀rọ tòun dára ju ìyẹn lọ. Kò burú. Ká gbà fún un pé kò sí òfò kankan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ọ̀run. 1,000 jáde, 1,000 padà wọlé. Gílóòbù dà? Bí gílóòbù bá mu 50 nínú rẹ̀, 950 ni yóò padà sínú bátìrì. Ẹ̀rọ tó pé pérépéré gan-an kò ní nǹkan kan láti fún wa. Ohun tó lè mú kí gílóòbù tàn kí bátìrì má sì dín kù ni kí agbára míì máa wọlé láti ìta, láti inú epo, omi, atẹ́gùn tàbí oòrùn. Tí wọ́n bá ní kẹ̀kẹ́ irin wúwo tó ń yí ló ń fi kún un, kẹ̀kẹ́ yẹn kì í ju kó tọ́jú eré tí mọ́tò ti fún un pa mọ́. Tí wọ́n bá ní òòfà ni, bí òòfà ṣe fa irin wọlé náà ló ṣe máa di irin mú nígbà tó bá fẹ́ jáde, ohun tó fi ọwọ́ kan fún ẹ̀rọ ló ń fi ọwọ́ kejì gbà.

Irú ọjà yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Lọ́dún 1812, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Charles Redheffer gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, tó ní ó ń yí fúnra rẹ̀ láìjẹ, láìmu. Àwọn èèyàn ń sanwó wọlé wò ó. Nígbà tó ní kí ìjọba fún òun lówó, wọ́n rán àwọn tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkùnrin kan tó bá bàbá rẹ̀ lọ, Coleman Sellers, ló rí i pé eyín irin tó so ẹ̀rọ ìyanu náà mọ́ ẹ̀rọ kejì jẹ lápá tí kò yẹ kó jẹ. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ìyanu ló ń yí èkejì lóòótọ́, apá kejì ló yẹ kí eyín náà ti jẹ. Èkejì ló ń yí i. Redheffer kó ẹrù rẹ̀ lọ sí New York lọ́dún 1813, ó tún gbé òmíràn kalẹ̀. Robert Fulton, onímọ̀ ẹ̀rọ tó gbajúmọ̀ nípa ọkọ̀ ojú omi tó ń fi ooru omi rìn, wá wò ó. Ó gbọ́ pé yíyí rẹ̀ ò lọ geere, ó ń yára, ó ń falẹ̀, bí ohun tí ọwọ́ èèyàn ń yí. Ó fa pákó díẹ̀ ya lára ògiri, ó rí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba inú ògiri kọjá, ó tọ okùn náà lọ dé yàrá òkè. Bàbá arúgbó onírùngbọ̀n gígùn kan ló bá níbẹ̀ tó ń fi ọwọ́ kan yí ẹ̀rọ, tó ń fi ọwọ́ kejì jẹ búrẹ́dì. Búrẹ́dì yẹn ni epo ẹ̀rọ náà.

Ṣáájú ìgbà náà pàápàá, lọ́dún 1775, àwọn àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Paris ti kéde pé àwọn ò ní yẹ ẹ̀rọ tó ń yí fúnra rẹ̀ wò mọ́.

Lónìí, bátìrì ló gba ipò bàbá arúgbó. Bátìrì tí wọ́n ń lò fún ìnfátà, fóltì 12, àḿpù-wákàtí 100, gbé nǹkan bíi wáàtì-wákàtí 1,200. Gílóòbù LED wáàtì 5 márùn-ún, wáàtì 25 ni gbogbo wọn. Bátìrì kan ṣoṣo tó kún lè tan wọ́n fún nǹkan bíi wákàtí 48, bí wọ́n bá jẹ́ kó gbẹ tán. Ẹ wá rí i pé fídíò wákàtí kan, àní ọjọ́ kan gbáko, kò fi ohun kan hàn ju pé bátìrì wà nínú àpótí náà. Mo gbà pé àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣe é kò ní ìwà gbájú-ẹ̀ lọ́kàn; wọ́n rí i tí gílóòbù ń tàn, wọn ò sì dúró títí tí bátìrì fi kú. Àwọn míì sì ń ta ìnfátà lásán, tí wọ́n ń fi iná NEPA ṣáàjì, wọ́n kàn pa orúkọ rẹ̀ dà. Ìnfátà wúlò, mo fara mọ́ ọn. NEPA ló san owó agbára rẹ̀ ṣáájú ni.

Ẹnì kan á ní, sólà ńkọ́, ṣé òun náà ò ṣiṣẹ́ láìlo epo? Epo sólà ni ìtànṣán. Ní ọ̀sán gangan tí ojú ọ̀run mọ́, nǹkan bíi wáàtì 1,000 ló ń bọ́ sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan lóròó àti mítà kan ní ìbú, páńẹ́lì tó dára sì ń mú nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ó dákẹ́. Oòrùn fúnra rẹ̀ kò sì yọ nínú òfin yìí. Inú rẹ̀ ni gáàsì háídírójìn ti ń di gáàsì míì, hílíọ́ọ̀mù, bí ó sì ṣe ń ṣẹlẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin tọ́ọ̀nù nínú ara rẹ̀ ń di agbára ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Albert Einstein ló fi hàn lọ́dún 1905 pé ohun tó ní ìwúwo pàápàá, agbára ni. Ara tirẹ̀ ni oòrùn ń jó fún wa.

Nítorí náà bí ẹnì kan bá gbé jẹnẹrétọ̀ tí kì í lo epo wá bá yín, ẹ má bá a jiyàn lórí sáyẹ́ǹsì. Ẹ ní kó tan án níṣojú yín. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé ẹ̀rọ náà ń bọ́ ara rẹ̀, pé bátìrì kàn ń mú un gbéra ni. Tó bá ti gbéra, ẹ ní kó já bátìrì kúrò, kí ẹ wá ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́. Bó bá ní a ò gbọ́dọ̀ já bátìrì, a jẹ́ pé bátìrì yẹn gan-an ló ń tà fún yín. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà kí ẹ tó sanwó.